Páálí Tí Ń Bá Àwòrán àti Ohùn Rìn

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kó ẹrù láti Ọ̀fà lọ sí Èkó, páálí pélébé kan ni a ń so mọ́ ẹrù, tí a sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ibi tí ó ń lọ sí i. Bí páálí náà bá já, ohun tí ó wà nínú àpò kò dín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ olóhun mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwòrán àti ohùn tí àwọn ènìyàn ń fi fóònù gbà sílẹ̀ lóde òní. Ẹnìkan lè gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ bí ó ti ń ki oríkì ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún ohùn náà yóò ṣì máa dún ketekete, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ orúkọ ìyá náà, agbo ilé rẹ̀ àti ọdún tí ó sọ̀rọ̀ mọ́ ọn, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàápàá lè gbọ́ ọ kí wọ́n má mọ̀ pé tiwọn ni.

Fáìlì náà ní páálí tirẹ̀, inú rẹ̀ gan-an ni a sì ń kọ ọ́ sí. Bí fóònù bá ya àwòrán, ó ń kọ ọjọ́, wákàtí, irú ẹ̀rọ, àti nígbà mìíràn ibi tí ẹni tí ó yà á dúró sí, ní ọ̀nà tí a ń pè ní Exif, èyí tí àwọn ará Japan gbé jáde ní ọdún 1995. Ti orin MP3 ni ID3, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ìparí fáìlì ni a kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, àyè rẹ̀ kò sì ju báìtì 128 lọ: lẹ́tà 30 fún àkọlé, 30 fún orúkọ olórin. Kò gba ẹ, ọ tàbí ṣ wa rárá. Àwọn ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣí àyè fún wọn.

Ẹ̀rọ mọ àkókò, kò mọ ènìyàn. Nínú àwòrán ìjàkadì, eré tí a mọ Ọ̀fà mọ́ láti ìgbà pípẹ́, kò lè sọ orúkọ ẹni tí ó dá ẹnìkejì rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè ṣini lọ́nà: fọ́tò ọdún 1962 tí a fi fóònù yà ní 2024, ọdún 2024 ni yóò gbé, àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Orúkọ ìlú náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Bí a bá kọ “Offa” nìkan, kọ̀ǹpútà lè kó o pọ̀ mọ́ Offa ọba Mercia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kú ní ọdún 796. “Ọ̀fà, Offa, Ìpínlẹ̀ Kwara, Nàìjíríà” ni ó pé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé WhatsApp a máa já páálí yìí dànù bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀. Bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì, kì í já. Nítorí náà kò tọ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé inú fáìlì nìkan. Ó yẹ kí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, ìbáà ṣe ìwé tí a ń tà fún ọmọ iléèwé, kí nọ́ńbà tí ó ṣáájú orúkọ fáìlì sì bá ti inú ìwé mu. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí ó lè dá ojú mọ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé àwòrán lọ. Lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ibi, ọdún, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, àti ẹni tí ó dá àwọn ojú náà mọ̀. Bí ọdún kò bá dájú, “ní nǹkan bí 1960” sàn ju àyè òfìfo lọ.