Iwájú Ọkọ̀ Ni Kí A Wò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà inú eré àtijọ́, iwájú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ara ọkọ̀ a máa tan ni jẹ: àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni ó kan ara bọ́lẹ̀kájà, orí rẹ̀ ni ó ti òkè òkun wá.

Ford inú Sanford and Son, eré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ní irin gbọọrọ kan níwájú, tí eyín mẹ́ta gbé ró. Àmì Ford ti 1951 nìyẹn; ọkọ̀ náà ti lo ọdún 21 kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá wà lẹ́yìn bàbá yín nínú fọ́tò Dùgbẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé 1951 gan-an ni wọ́n yà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní 1940 ni, ó ṣìnà.