Ìjàpá orí aṣọ kì í tán, ti inú igbó ló ń tán: Gbaffo àti ọjà ẹ̀bùn aláwòrán

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò máa ń rọ́ wọ Dassa-Zoumè láti ìlú gbogbo ní Benin, láti Tógò àti Nàìjíríà pẹ̀lú, nítorí ìrìn àjò mímọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà sí ihò àpáta Màríà tó wà ní Arigbo. Ẹni tó bá ti pàtẹ níbẹ̀ rí mọ̀ pé àwọn èrò yìí kì í fi ọwọ́ òfo padà sílé. Wọ́n á ra ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, wọ́n á ra àbẹ́là, wọ́n á ra àwòrán àti aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán sí lára. Wọ́n á ra tiwọn, wọ́n á ra ti ìyá tó wà nílé, wọ́n á ra ti ọmọ. Ọjà ẹ̀bùn ńlá ni, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Gbaffo sì wà pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń ná an.

Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ń pe ìlú náà. Ohun tó ń gbé lórí òkè wọ̀nyí àti nísàlẹ̀ wọn pọ̀: ìjàpá, erè, awọ́nríwọ́n, ọ̀gà, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́ oríṣiríṣi. Ìbéèrè wa lónìí ni pé, nínú gbogbo ẹ̀bùn tí àlejò ń gbé kúrò nílẹ̀ Ìdáàṣà, mélòó ló ní àwòrán ọ̀kan nínú àwọn ẹran yìí lára?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ọjà gidi ni. Ife tíì tí wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ sí, ẹ̀wù tí ìjàpá wà láyà rẹ̀, káàdì ìkíni tó ní ọ̀nì, kàlẹ́ńdà tó jẹ́ pé oṣù kọ̀ọ̀kan ní ejò tirẹ̀. Àwọn ẹran tó ń tán lọ láyé ni wọ́n ń yà, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán, kí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn náà lè béèrè pé irú èwo lèyí. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Save The Frogs, tí Kerry Kriger dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2008. Wọ́n máa ń ṣe ìdíje yíya àwòrán ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì ń ta ẹ̀wù tó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti fi rówó ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ̀ka rẹ̀ ti wà nítòsí wa ní Gánà láti 2011.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́? Ìwádìí àgbáyé tó jáde ní 2023 sọ pé nínú 100 irú ẹran tó ń gbé inú omi tó tún ń gbé orí ilẹ̀, bí ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, nǹkan bí 41 ló wà nínú ewu ìparun. Èyí tó jáde ní 2022 lórí àwọn ẹran afàyàfà, ìyẹn ejò, alángbá, ìjàpá àti ọ̀nì, sọ pé 21 ni nínú 100. Kìnnìún àti erin ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ló ń bá ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀?

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni yíya ẹran sára ọjà. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Dassa, ẹ kọrí sí ìsàlẹ̀ lọ sí Àbọ̀mẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é láti ayé ọba. Wọ́n á gé aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi bí àwòrán, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ ńlá kan, wọ́n á sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ọba kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Kìnnìún ni ti Glèlè. Ekurá, ẹja òkun eléyín mímú yẹn, ni ti Bẹ̀háńsìn. Ọ̀gà ni ti Akaba, tó jọba ní nǹkan bí 1685 sí 1708. Láyé ìgbà náà, ilé ọba ni àwọn aránṣọ yìí ń ṣiṣẹ́ fún, ìdílé Yemadjè ló sì lókìkí jù nínú wọn. Nígbà tí àwọn Faransé gba Àbọ̀mẹ̀ ní 1892 tí agbára ọba sì wálẹ̀, iṣẹ́ náà ìbá ti bá a lọ. Kò bá a lọ. Wọ́n gé e kéré, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí àlejò lè ká sínú àpò kó sì gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gà Akaba ti dé ilé àwọn ènìyàn tí kò fojú kan ọ̀gà rí láyé wọn. A ò mọye ìgbà tí wọ́n ti tà á. Wọ́n ṣì ń tà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Kétu, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni: ejò tó lọ́ mọ́ra wọn kì í wọ́n lórí àwọn igi gbígbẹ́ náà. Igbá fínfín ti Ọ̀yọ́ ní ejò àti alángbá tirẹ̀. Ọwọ́ wa mọ iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo apá kejì ọjà náà. Ní Akodessewa ní Lomé, àti ní apá àwọn oníṣègùn ní Dantokpa ní Kútọ̀nù, ẹ ó rí orí ọ̀nì, èèpo ìjàpá, ọ̀gà gbígbẹ tí wọ́n tò bí ẹja. A ò bá oníṣègùn jà o. Iṣẹ́ wọn ti wà kí wọ́n tó bí baba wa. Ìṣirò owó lásán là ń ṣe. Ọ̀gà tí wọ́n tà láàárọ̀ níbẹ̀, kò sí lórí igbá mọ́ lọ́sàn-án, ẹlòmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ mú nínú igbó.

Ti erè tún wá. Erè kékeré kan wà tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, òun náà ni wọ́n ń pè ní Dàngbé ní Ouidah. Láti 1975 wá, ó ju mílíọ̀nù 3 rẹ̀ lọ tó ti gba Tógò, Benin àti Gánà lọ sí òkè òkun, kí àwọn ènìyàn lè máa sìn ín nínú àpótí onígíláàsì. Àgbẹ̀ tó wa ẹyin rẹ̀ jáde nínú ihò ló ń gba owó tó kéré jù lọ nínú gbogbo òwò náà. Eku sì ni ejò yìí ń jẹ. Ẹni tó ní àká àgbàdo ní Gbaffo, tó sì ti jí lọ́jọ́ kan bá àpò tó ti di ihò, òun ló yẹ ká bi pé èló ni ejò tó ń jẹ eku tọ́ sí.

Ní Ouidah fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa Dàngbé. Àlejò á san owó kó tó wọ ilé rẹ̀, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Wọ́n á gbé ejò kọ́ ọ lọ́rùn, á ya fọ́tò, ejò á padà sáyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì àlejò mìíràn á tún sanwó nítorí ejò kan náà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ fi èyí wé ti àpótí onígíláàsì.

Ọ̀pọ̀lọ́ náà ti di ẹrù. Ní agbègbè Malanville lókè ní àríwá, wọ́n ń kó kọ̀ǹkọ̀, wọ́n ń gbẹ ẹ́, wọ́n ń gbé e kọjá ibodè lọ tà ní Nàìjíríà. Oúnjẹ ni, owó ni, a ò sì ní fi ẹnu kan lé e. Ṣùgbọ́n kòkòrò oko ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ, oògùn kòkòrò tí àgbẹ̀ ń rà lẹ́yìn tí kò bá sí ọ̀pọ̀lọ́ mọ́, owó lòun náà.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ìjàpá. Oríṣi kan wà tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ní oríkèé, tó lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ọ̀tá bá dé. Ọ̀kan lára àwọn oríṣi yìí, èyí tó ń gbé inú igbó kìjikìji láti Láíbéríà dé Kamẹrúùnù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys homeana, ti wọ ìpele tó léwu jù lọ nínú ìwé àwọn ẹran tó fẹ́ parẹ́. Ìjẹ àti títà pẹ̀lú pípa igbó run ló fà á. Gbogbo wa la gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ọkọ Yánníbo nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ lónìí lè dàgbà láìrí ìjàpá kan lójú, àfi nínú àlọ́.

Ṣé àwòrán wá lè gba ẹran là? Fúnra rẹ̀ nìkan, rárá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní Panama, ní Amẹ́ríkà àárín. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan níbẹ̀ tó pọ́n yòò bíi wúrà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá rí i, oríire ti dé. Wọ́n yà á sórí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì, wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n yà á sórí ẹ̀wù, wọ́n ń tà á fún àlejò ní ọjà El Valle de Antón. Ìjọba tilẹ̀ ya ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ fún un ní 2010 (àkókò kan náà tí èrò ń palẹ̀ mọ́ fún Arigbo níhìn-ín). Ṣùgbọ́n àrùn kan tó jẹ́ ti olú, tó ń jẹ awọ ara ọ̀pọ̀lọ́, ti dé orí òkè wọn. Láti nǹkan bí 2009 kò sí ẹni tó tún rí ọ̀pọ̀lọ́ wúrà yìí nínú igbó. Èyí tó kù wà nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń sìn ín. Lọ́jà, ti amọ̀ ṣì pọ̀ jaburata.

Nípa àrùn yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tó kan Benin gan-an. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 sọ pé wọ́n ti rí i ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn ò rí i lára àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò láti Benin lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ohun tí wọ́n rò pé ó dá a dúró ni ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ tó gé igbó ńlá sí méjì ní Tógò àti Benin, ilẹ̀ tí Dassa fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí a máa ń bú pé kò gba òjò tó!

Ohun mìíràn tó yẹ kí àwọn ará Gbaffo gbọ́ wá láti Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òkè àpáta ni Ìdànrè bíi ti Dassa. Ní 1963, onímọ̀ ará Dẹ́nímáàkì kan, Arne Schiøtz, kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀lọ́ kan tó rí níbẹ̀, tí wọn kò rí níbòmíràn rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣì ní ìrù kì í wẹ̀ nínú adágún. Orí àpáta ni wọ́n wà, níbi tí omi ti ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn 1970, kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀, àwọn kan ti rò pé ó ti lọ. Ní 2013, Abíọ́dún Ọnàdékò ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún bá a lórí àpáta kan náà. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó wò ó ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fọ́ àpáta yẹn tà fún àwọn tó ń kọ́lé, ibo ni wọn ìbá ti bá a?

Tó bá jẹ́ àwa ni a ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kékeré ní Gbaffo, ohun tí a ó ṣe nìyí. A ó mú ẹran méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo ará abúlé mọ̀, ká ní ìjàpá, erè àti ọ̀gà. A ó gé wọn láti ara àjákù aṣọ, a ó rán wọn mọ́ àpò ọjà, aṣọ orí tábìlì, fìlà ọmọdé. A ó kọ orúkọ ẹran náà sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Ìdáàṣà, pẹ̀lú orúkọ Gbaffo, nítorí orúkọ ìlú ni àlejò fi ń rántí ibi tó ti rà á. Apá kan nínú owó náà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ igbó ẹsẹ̀ òkè, kí ó má baà rí bíi ti Panama. Iye tí ìyẹn máa jẹ́, àwọn àgbà abúlé àti àwọn aránṣọ ló mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ láàárín ara wọn.

A ò ní fi èèpo ìjàpá tòótọ́ tàbí awọ erè sí i rárá. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Benin wà nínú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES láti 1984. Awọ erè, awọ ọ̀nì, ọ̀gà, ìjàpá, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé àdéhùn náà. Àlejò tó bá rà á láìní ìwé àṣẹ, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní padà wá ra òmíràn. Ti ahun òkun le ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Aṣọ tí wọ́n ya ìjàpá sí kò ní wàhálà kankan ní ibodè.

Ẹni tó bá fẹ́ ní ogún tàbí ọgbọ̀n irú àpò bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì nígbà tí èrò Arigbo bá dé, kó má dúró di oṣù keje. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló yẹ kó ti mú sísọ́ọ̀sì, nígbà tí kọ̀ǹkọ̀ ti ń ké lálẹ́ létí àbàtà, tí ọmọ tó mọ àwòrán yà sì lè mú tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó bó ṣe jókòó.