Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́lé l'Ọ́fà Garage: Ewúrẹ́ ló ń figbe bọnu fún, olè ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá!

Ká ní àwọn ewúrẹ́ àdúgbò Ọ̀fà Garage, n'Ílọrin, mọ ẹjọ́ rò ni, bóyá wọn ì bá ti pe àwọn onílé kan lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn wọn ò ní ju ẹyọ kan lọ: pé àwọn ń lọ jẹ́jẹ́ àwọn, èèpo iṣu làwọn fẹ́ẹ́ jẹ, ni nǹkan funfun kékeré kan tó wà lára ògiri bá figbe ta, tí iná là yẹ̀rì, tí wọ́n wá sọ àwọn di adigunjalè lóru. Nǹkan funfun ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀rọ tó máa ń fura ni, bí nǹkan eléèmí bá ti rìn níwájú ẹ̀, á ta onílé lólobó. Èyí tí kò ní wáyà làwọn èèyàn fẹ́ràn jù, torí kò sí pé wọ́n ń gbẹ́ ògiri, bátìrì tàbí sólà ló ń lò, bí rédíò ṣe máa ń gba afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ náà lòun náà ń ránṣẹ́ sí agogo tí wọ́n gbé sí inú yàrá.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀fà Garage á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í tètè sùn. Ojú ọ̀nà tó lọ sí Gánmọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀fà ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọkọ̀ lọ sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ń lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń lọ, ọlọ́kadà ń lọ, àwọn tó ń ta ẹran sísun ṣì wà níta. Béèyàn bá kúrò nídìí títì tó wọnú lọ síhà Gáà Àkàǹbí, ilé onífẹ́ǹsì pọ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn náà ò sì kẹ̀rẹ̀. Irú ibi báyìí le fún sẹ́ńsọ̀, torí ohun tó ń rìn pọ̀ níbẹ̀. Bí wọn ò bá gbé e síbi tó yẹ, tí wọn ò sì tún un ṣe dáadáa, ẹ̀rọ náà á kàn máa gbó bí ajá tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ ni.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Baálé ilé á ra sẹ́ńsọ̀, á pe rìwáyà. Rìwáyà á ní ibo ni kóun gbé e kọ́ sí? Alhaji á ní, "Òkè géètì ni, kó dojú kọ títì. Ṣebí ẹnu ọ̀nà lolè ń gbà wọlé." Wọ́n á kàn án mọ́bẹ̀, wọ́n á yí gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ dé ìparí kó lè lágbára, wọ́n á gbéra wọn pa: ó ṣiṣẹ́! Lóru ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ kọjá, ó dún. Ewúrẹ́ kọjá, ó dún. Aago méjì òru, ó tún dún. Alhaja á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ bá wa pa nǹkan yẹn. Àwọn ọmọ ò rí oorun sùn." Tó bá di ọjọ́ kẹta, bàbá á dìde, á yọ bátìrì ẹ̀ jù sí orí fíríìjì.

Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Nǹkan funfun ṣì wà lára ògiri, gbogbo ilé ṣì gbà pé ẹ̀rọ ń ṣọ́ àwọn, ẹni tó máa ń lọ wo ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kó tó sùn kò lọ wò ó mọ́. Bí olè bá wá débẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò ní bá ariwo kankan pàdé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á máa bú ẹni tó ta sẹ́ńsọ̀ fún wọn, wọ́n á ní ayédèrú ló tà. Ẹjọ́ ẹ̀rọ kọ́ o. Ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí ni.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ yìí kò ní ojú tó fi ń ríran. Kò mọ olè, kò mọ ààfáà, kò mọ ìyàwó ilé. Ooru ló ń wò. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló máa ń tú ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú èèyàn ò lè rí. William Herschel, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń wo ìràwọ̀, ló ṣàwárí ẹ̀ lọ́dún 1800, nígbà tó gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sí ẹ̀gbẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa, tó rí i pé ooru ṣì wà níbi tí ojú ò ti rí nǹkan kan mọ́. Inú sẹ́ńsọ̀, nǹkan kéékèèké méjì ló jókòó síra wọn tó ń gbọ́ ooru yìí. Tí ooru bá kọ́kọ́ bá ọ̀kan, tó wá kọjá sí èkejì, ẹ̀rọ á ní hẹ̀n-ẹ́n, nǹkan kan ń rìn. Tó bá jẹ́ àwọn méjèèjì ni ooru bá pa pọ̀, kò ní sọ̀rọ̀.

Ike funfun tó bo iwájú ẹ̀ náà kì í ṣe ìdérí lásán, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á á rí i pé ó ní ìlà-ìlà. Ọ̀gbẹ́ni Fresnel, ará Faransé, ló dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1822 fún iná ńlá tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi lóru. Nínú sẹ́ńsọ̀, ṣe ló gé iwájú ilé sí ọ̀nà-ọ̀nà, bí ìka ọwọ́ téèyàn yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gba àárín àwọn ìka yẹn kọjá láti ọ̀tún sí òsì, kíá ni ẹ̀rọ á mú un. Àmọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà lórí ìka kan ṣoṣo, tó dojú kọ ẹ̀rọ gan-an, ó lè fẹ́ẹ̀ dé ìdí ẹ̀ kó tó dún.

Ìyẹn ni pé òkè géètì tí Alhaji ní kí wọ́n gbé e sí, ibẹ̀ ló burú jù. Ọkọ̀ tó ń gba títì kọjá ń gé àwọn ìka yẹn, wọ́n á sì máa dún fún un, ooru ẹ́ńjìnnì tó gbóná kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ti wá fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wọlé ńkọ́? Ẹ̀yìn ló wà sí i. Ibi tó dáa ni igun ilé, nínú ọgbà, kí ojú ẹ̀rọ máa wo ìdí fẹ́ǹsì lọ gbọọrọ láti igun kan dé èkejì. Ẹni tó bá fo fẹ́ǹsì wọlé tó fẹ́ẹ́ dé ìdí fèrèsé, kò sí bó ṣe lè ṣe é, á gé e kọjá. Kí gíga ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn lè gba abẹ́ ẹ̀; tó bá rẹlẹ̀ jù, ọmọdé á máa fi bọ́ọ̀lù gbá a, olè náà á sì kàn na ọwọ́ yọ ọ́. Ara ògiri tó dúró gbọin-in ló yẹ kó wà, kì í ṣe ara igi mángòrò tí atẹ́gùn ń mì, kì í sì í ṣe ara géètì onírin tó máa ń gbọ̀n.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dojú kọ rárá. Ẹnu sàléńsà jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn AC tó ń tú ooru síta náà wà níbẹ̀. Ìdí àdògán tí wọ́n ti ń dáná níta ńkọ́? Ìyẹn gan-an! Páànù tí oòrùn ń pa náà ò dáa, torí tí ìkùukùu bá bò ó tó tún ṣí, ooru ẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ò sì gbọdọ̀ máa wọ ojú ẹ̀ tààrà. Àwọn tó máa ń jí sààrì lóṣù ààwẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ro tiwọn: bó bá jẹ́ ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ni sẹ́ńsọ̀ dojú kọ, gbogbo ilé làá pa á lóru, wọn ò sì ní rántí tàn án mọ́.

Ti ewúrẹ́ wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń yí ojú ẹ̀rọ wo ilẹ̀ jù, ìyẹn ló ń kó bá wọn. Kí wọ́n gbé e kọ́ kó wo iwájú, kí wọ́n wá lẹ tápù dúdú mọ́ inú ike funfun yẹn nísàlẹ̀, níwọ̀nba ibi tó ń wo ọ̀nà ewúrẹ́. Ẹ̀rọ á wá máa wo ohun tó ga tó èèyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é níwọ̀nba, nítorí ibi tí ewúrẹ́ bá ti rí gbà kọjá, olè tó gbọ́n tó sì lè rákò á rí i gbà.

Lára ẹ̀rọ náà, bọ́tìnnì tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni SENS, TIME àti LUX. SENS ni agbára ìfura ẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n ti í dé òpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. TIME ni bí iná tàbí agogo ṣe máa pẹ́ tó. LUX ló ń sọ bóyá kó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án àbí òru nìkan, ibẹ̀ ló sì ń da ọ̀pọ̀ rìwáyà láàmú: wọ́n á yí i sí òru, wọ́n á wá máa dán an wò ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́.

Dídán an wò yìí gan-an niṣẹ́ wà. Tí wọ́n bá ti ki bátìrì bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan kó kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan rìn gba inú ọgbà kọjá, kí ẹnì kejì dúró ti agogo nínú ilé. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń lo bátìrì ló jẹ́ pé bó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, á sùn fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kí bátìrì má baà tètè kú. Ẹni tó ń rìn síwá sẹ́yìn lójú kan náà á rò pé kò ríran mọ́, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń sùn. Àwọn mìíràn ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fún ìdánwò tí kò fi ní sùn. Èyí tí kò bá ní, kí ẹni tó ń rìn kúrò níwájú ẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú 3 kó tó padà wá.

Kí wọ́n má ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan kó tán síbẹ̀ o, torí ojú ọjọ́ Ìlọrin kì í ṣe bákan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ara èèyàn àti ooru ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ń lò. Lásìkò ọyẹ́, tí ògiri tutù nini láàárọ̀ kùtù, èèyàn á hàn sí i láti òkèèrè, ewúrẹ́ náà á sì hàn. Tó bá wá di oṣù Màáṣì, tí ooru ọ̀sán lè dé díńgírì 36, ògiri búlọ́ọ̀kù á ti gba oòrùn sára látàárọ̀, á ṣì gbóná lálẹ́, ooru ẹ̀ á sì fẹ́ẹ̀ bá ti ara èèyàn dọ́gba. Ẹni tí ẹ̀rọ ń rí ní ẹsẹ̀ bàtà 30 nígbà ọyẹ́ lè sún mọ́ ọn dáadáa kó tó mọ̀. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ní Oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ padà lọ dán an wò ní Oṣù Kẹta, ní alẹ́ kì í ṣe ọ̀sán, kó sì fi díẹ̀ kún SENS.

Ti àìní wáyà yẹn náà ní tiẹ̀. Wọ́n lè kọ ọ́ sára páálí pé iṣẹ́ tó ń rán máa dé mítà 100. Lórí pápá ni wọ́n ń sọ, níbi tí nǹkan kan ò ti dínà. Ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, dẹ́kìnnì onírin, páànù, géètì irin, gbogbo wọn ló ń jẹ lára ẹ̀. Kí wọ́n tó fi dírìlì lu ògiri, kí ẹnì kan kọ́kọ́ fọwọ́ gbé sẹ́ńsọ̀ sójú ibẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bóyá agogo dún níbi tí wọ́n fẹ́ẹ́ gbé e sí. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tó jẹ́ pé òǹkà kan náà ni wọ́n fi dá gbogbo wọn mọ̀. Tí aládùúgbò bá ra irú ẹ̀, ewúrẹ́ tó kọjá lọ́dọ̀ ẹni yẹn ni agogo máa ké fún nílé ẹlòmíràn. Èyí tí wọ́n lè yí òǹkà ẹ̀ padà ló dáa.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọńlé àti aláǹtakùn fẹ́ràn ojú ẹ̀ láti máa rìn lé, eruku ọyẹ́ sì máa ń bò ó àti sólà ẹ̀. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún, kì í ṣe pẹtiróòlù. Kí wọ́n fi sílíkónì dí ihò skúrù kí èèrà má baà wọlé. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì sórí tápù, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń gba ojú ọ̀nà Ọ̀fà tó máa gbàgbé ọjọ́ 5, Oṣù Kẹrin, ọdún 2018, táwọn adigunjalè ya wọ àwọn báǹkì Ọ̀fà lójú ọ̀sán, tí èèyàn tó lé ní 30 kú, tí ọlọ́pàá wà lára wọn. Irú àwọn yẹn kì í yọ́ wọlé, sẹ́ńsọ̀ ò sì lè ṣe nǹkan kan fún wọn. Èyí tó ń fo fẹ́ǹsì lóru, tó fẹ́ẹ́ yọ bátìrì ìńfátà tàbí kó jẹnẹrétọ̀ lọ, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí, ìyẹn ni ẹ̀rọ yìí wà fún. Iná tó ṣàdédé tàn lè tó lé òmíràn lọ. Tí kò bá sì lọ ńkọ́? Kí onílé má dá jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kí wọ́n ti bá àwọn ọdẹ àdúgbò àti ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí agogo náà ṣe ń dún lọ́sàn-án, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn gàdàgbà sára ògiri níbi tí agogo wà, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí lóru kì í rántí ibi tó fi nọ́ńbà sí.