Bàtà Wo Ni A Ó Fi Gun Òkè Patti Lásìkò Òjò?

Àsìkò òjò ni àwọn ọmọ wa máa ń gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìgbà náà ni àwọn àlejò láti ilé sì máa ń fẹ́ gun Òkè Patti, kí wọ́n lè rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Inú wa a máa dùn láti mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni í fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sílípáàsì gùn ún.

Òkúta tí òjò ti rin a máa yọ̀ bí ilá. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ tàbí ike líle kò lè dì í mú. Rọ́bà tí ó rọ̀ díẹ̀, tí a la ojú rẹ̀ jinlẹ̀, ni ó dára: rọ́bà náà yóò lẹ̀ mọ́ òkúta, omi àti ẹrẹ̀ yóò sì gba ojú tí a là jáde. Ní ọdún 1935, agunkè mẹ́fà kú lórí òkè Alps ní Ítálì, wọ́n sì ní bàtà wọn wà lára ohun tí ó fà á. Èyí ni ó mú kí Vitale Bramani, ọ̀rẹ́ wọn, ṣe irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1937.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ yí bàtà náà dojú dé, kí ẹ tẹ èékánná mọ́ rọ́bà rẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ rárá, ó ti gan; bàtà òkìrìkà a máa rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Bàtà bọ́ọ̀lù eléèkàn, koríko ni ó wà fún, kì í ṣe òkúta. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́n wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí àyè ìka kan ṣẹ́kù níwájú, nítorí pé bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ a máa sún síwájú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká bàtà, kí ó wá sàńdà onírọ́bà tí ó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀.

Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ dúró dè é; bàtà kò borí ohun gbogbo. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa ní kí tọmọdé tàgbà kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ bàtà. Ìròyìn ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni a fẹ́ máa tẹ̀ sínú ìwé yìí, kì í ṣe ti ẹsẹ̀ tí ó dá.