Ìtọ́jú Ajá tí ó ń bì léraléra

Ọ̀rẹ́ ọdẹ ni ajá. Ọ̀rẹ́ onílé sì ni pẹ̀lú. Ní Ọjà-Ọ̀dàn àti ní ilẹ̀ Yewa káàkiri, òun ni ó ń ṣíwájú ọdẹ wọ igbó, òun náà ni ó sì ń ṣọ́ agbo-ilé lóru. Nítorí náà, bí ajá bá ń bì lemọ́lemọ́, kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kí ni ó ń fà á, kí sì ni ó yẹ kí olówó ajá ṣe?

Bíbì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà ṣe àrùn. Ajá tí ó jẹ oúnjẹ tí ó ti kan, tàbí tí ó fi ìwàǹwára jẹun, lè bì í kí ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n èébì tí ó ń lọ tí ó tún ń bọ̀ ní ìdí. Ó lè jẹ́ aràn inú, ó lè jẹ́ májèlé eku, ó sì lè jẹ́ egungun tí ó há sí ìfun. Èyí tí ó burú jù fún ọmọ ajá ni àrùn parvovirus, tí ayé kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1978. Ọmọ ajá tí ó bá mú yóò máa bì, yóò máa ṣu ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ajá bì, kí a sì kọ iye ìgbà tí ó bì sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbà ajá tí ara rẹ̀ ṣì le, kí a má fún un ní oúnjẹ fún nǹkan bí wákàtí 12, ṣùgbọ́n kí a máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a fún un ní ìrẹsì rírọ̀ àti ẹran adìẹ bíbọ̀, láìsí ata, iyọ̀, epo tàbí àlùbọ́sà. A kò gbọdọ̀ fi ebi pa ọmọ ajá ní tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹran ni kí a gbé e lọ.

Àṣìṣe ńlá ni kí a máa rọ epo pupa sí ajá lọ́fun. Epo náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Mo rántí ajá ọdẹ kan ní àdúgbò wa tí wọ́n rọ epo fún ní ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ni ó kú. Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n bá nínú ìfun. Epo kò lè yọ ṣùkù. Bákan náà, oògùn ènìyàn bíi parasitamọ́ọ̀lù lè pa ajá. Bí itọ́ bá sì ń dà lẹ́nu ajá tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi.

Bí èébì bá ju ọjọ́ kan lọ, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí ó bá ń padà wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a wá oníṣègùn ẹran. Ilé-ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ìdènà ni ó sàn jù: kí a máa fún ajá ní oògùn aràn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tí a bí i.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí ó bá ní ẹni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Ajá tí ń ṣàìsàn náà nílò ẹni lẹ́yìn: ẹni tí yóò wo èébì rẹ̀ dáadáa kí ó tó na ọwọ́ sí ìgò epo.