Àwọn Tí Ń Bi Òkúta Léèrè Ọ̀rọ̀

Ní ọdún 1919 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa wádìí ilẹ̀ Nàìjíríà, òun náà ni a ń pè ní Nigerian Geological Survey Agency lónìí. Bí ó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó ṣeé tà ni àwọn òyìnbó ń wá kiri, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ òkúta tí èmi kà sí ju wúrà lọ, èyíinì ni kí wọ́n ṣa òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n sì mọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán ajẹyán, títí dé Másífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àpáta tí a ń gbé orí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn, irú àpáta wọ̀nyí wà nínú ọ̀gbun ilẹ̀, ooru sè wọ́n, ẹrù ilẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ìwà wọn sì yí padà. Ẹ wo feldspar, ohun funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tí ń dán lára àpáta: nígbà tí ó gbóná janjan, àwọn átọ́mù alumíníọ̀mù àti sílíkọ́nì inú rẹ̀ kò ní ipò kan pàtó, àfi bí èrò tí ó dé ààfin lọ́jọ́ ọdún kí olóyè kọ̀ọ̀kan tó mọ ìjókòó rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, oníkálukú a gba ipò rẹ̀, a sì di microcline, bí ó bá tutù lójijì, bí ti èyí tí òkè oníná pọ̀ jáde, rúdurùdu náà a wà níbẹ̀, a sì máa jẹ́ sanidine. Ìyípadà sí microcline yìí a máa fi ilà tí ó dábùú ara wọn sílẹ̀, èyí tí onímọ̀ ń rí nínú máíkírósíkóòpù nígbà tí ó bá ti lọ òkúta náà tín-ín-rín dé ìwọ̀n 0.03 mìlímítà.

Ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mìíràn wà nínú òkúta, yàtọ̀ sí feldspar, tí èròjà rẹ̀ kan náà ń di andalusite níbi tí ẹrù ti fúyẹ́, kyanite níbi tí ó ti wúwo, sillimanite níbi tí ooru ti pọ̀; àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní nǹkan bí 500°C, lábẹ́ ẹrù tí ó tó ìlọ́po 4,000 ti afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Percy Bridgman ti Harvard, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1946, ni aṣáájú àwọn tí ń tẹ nǹkan báyìí nínú yàrá ìwádìí. Lẹ́yìn rẹ̀, ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 sí 1959, àwọn ará Amẹ́ríkà fi dáyámọ́ńdì méjì ṣe ẹ̀rọ kan tí ọwọ́ kan lè gbà, tí a sì lè gba inú rẹ̀ wo kírísítálì bí ó ti ń yí padà.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀rọ wà tí ń sọ èròjà tí ó wà nínú òkúta. Ṣùgbọ́n láti mọ èròjà yàtọ̀ sí láti tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dùn mí gidigidi pé a máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ òkúta wa wò fún wa. Ọ̀rọ̀ náà kan àgbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá ní Èjìgbò tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, nítorí microcline yìí kan náà ni òjò ń jẹ rà di amọ̀, tí ó sì ń tú pọtáṣíọ̀mù tí iṣu ń jẹ sílẹ̀ sínú ebè.