Ìtọ́jú Ajá Ńlá: Ẹ Jẹ́ Kó Dàgbà Díẹ̀díẹ̀

Ọmọ ajá Great Dane kì í wọn tó kílò kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kó tó pé ọmọ ọdún méjì, akọ rẹ̀ ti lè wọn kílò 70, ìyẹn ni pé ó ti wúwo tó géńdé ọkùnrin. Boerboel tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Áfíríkà, tó ti gba ẹnu géètì ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, kò yàtọ̀. Ajá kékeré á ti dàgbà tán ní nǹkan bí ọdún kan. Ajá ńlá ṣì ń dàgbà títí di oṣù 18, òmíràn títí di oṣù 24. Àárín àkókò yìí ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń yọrí sí rere tàbí búburú, ohun tó sì ń bà á jẹ́ jù ni ìkánjú ẹni tó ni ín, tó fẹ́ kó tètè rí bàǹtàbanta.

Nítòsí oríkèé ni egungun ọmọ ajá ti ń gùn sí i, ibẹ̀ sì rọ̀, kò tíì le. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, ara á ti wúwo kí egungun tó lágbára láti gbé e. Ẹsẹ̀ iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ọmọ ajá á máa tiro, tí wọ́n bá sì pè é, á pẹ́ kó tó dìde. Àwọn ẹlòmíràn á rí èyí, wọ́n á sáré lọ ra oògùn kálísíọ̀mù. Aburú ni wọ́n ń fi kún aburú. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò ní agbára láti kọ kálísíọ̀mù tó bá pọ̀ jù. Ara rẹ̀ á máa gbà á wọlé, egungun á sì máa dàgbà ségesège. Ẹran lásán nìkan náà kò dára, nítorí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan, egungun ọmọ ajá tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ sì lè rọ̀ débi pé á máa kán. Bí ẹ bá ń ra oúnjẹ ajá inú àpò, ẹ wo ara àpò náà bóyá wọ́n kọ "large breed puppy" síbẹ̀; wọ́n ti díwọ̀n kálísíọ̀mù rẹ̀ fún irú ajá yìí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a, tó ń se ìrẹsì, ẹja àti ẹsẹ̀ adìẹ fún un, kó jẹ́ kí dókítà ẹran bá a ṣètò rẹ̀. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ajá ńlá.

Ọwọ́ yín ló máa sọ fún yín bóyá ó ń jẹ àjẹjù. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìhà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ rọra fi ìka wọ́ ọ lọ sẹ́yìn. Ó yẹ kí ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìtẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ní láti fi agbára wá egungun náà, ó ti sanra jù. Bí ẹ bá sì wò ó láti òkè, ó yẹ kí ara rẹ̀ fún wọnú lẹ́yìn ìhà. Àlejò á ní ẹ ń fi ebi pa ajá yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Purina tó ń ṣe oúnjẹ ajá tọ́ ajá Labrador 48 láti kékeré títí wọ́n fi kú. Wọ́n mú wọn ní méjì-méjì látinú ìyá kan náà, wọ́n sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín oúnjẹ ọ̀kan kù sí ti èkejì. Ọdún 2002 ni àbájáde rẹ̀ jáde: àwọn tí oúnjẹ wọn mọ níwọ̀n fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ, oríkèé wọn sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu.

Oríkèé ìdí ló ń bàjẹ́ jù lára German Shepherd àti Rottweiler: orí egungun itan kì í jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Àrùn àjogúnbá ni. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ọmọ ajá, ẹ ní kí wọ́n mú ìyá rẹ̀ jáde, kí ẹ sì wo bó ṣe ń dìde àti bó ṣe ń rìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ajá máa fò bọ́ sílẹ̀ látinú mọ́tò, ẹ sì tẹ́ nǹkan fún un lórí sìmẹ́ǹtì, torí ìgúnpá ajá tó wúwo tètè ń bó.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ajá ńlá mọ̀ dunjú ni ti àpòlúkù tó ń lọ́. Ajá tí àyà rẹ̀ jìn, bíi Great Dane àti German Shepherd, ló ń ṣe jù. Afẹ́fẹ́ á kún àpòlúkù, àpòlúkù á wú, á sì yí po. Ibi tí oúnjẹ ń bá wọlé á dí, ibi tó ń bá jáde náà á dí, afẹ́fẹ́ tí kò ríbi jáde á wá tẹ àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn mọ́lẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ajá tó jẹun alẹ́ tayọ̀tayọ̀ lè kú. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ajá á máa gbìyànjú láti bì, ṣùgbọ́n itọ́ nìkan ni yóò máa jáde. Kò ní lè sinmi. Á dùbúlẹ̀, á dìde, á máa bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Inú rẹ̀ á le, bí ẹ bá sì fi ìka ta á, á dún bí ìlù. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un lágbo, ẹ má sì sọ pé ó di àárọ̀. Iṣẹ́ abẹ ló ń gbà á: dókítà á tú àpòlúkù náà, á sì rán an mọ́ ara inú kó má baà lọ́ mọ́.

Láti dènà rẹ̀, ẹ pín oúnjẹ òòjọ́ sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì jẹ́ kó sáré kiri lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá ń gbé oúnjẹ mì gbàù-gbàù, ẹ fi òkúta ńlá tí kò lè gbé mì sáàárín abọ́ rẹ̀, kó lè máa jẹ yí i ká. Àwọn kan máa ń gbé abọ́ sórí àpótí kí ajá má baà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi hàn pé abọ́ tí a gbé sókè ń fi kún ewu náà ni.

Ooru ilẹ̀ wa náà ń kó ajá ńlá sí wàhálà, nítorí ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n tó ń yọ síta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ mú un rìn láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, kí omi tútù àti ibòji má sì wọ́n ọn. Ní tèmi, ajá Caucasian onírun yíyi, tí wọ́n ń sìn lórí òkè Caucasus nínú òtútù, kò yẹ kó máa gbé inú àgò onípáànù ní Èkó. Ẹ máa yẹ inú etí àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò fún eégbọn. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, àrùn tí eégbọn ń kó ranni lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n sì ń tún un gbà títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹ máa tún un gbà lọ́dọọdún.

Kí ẹ tó lọ mú ọmọ ajá náà wálé, ẹ wá dókítà ẹran tó wà nítòsí yín, kí ẹ bi í bóyá ó lè ṣiṣẹ́ abẹ àpòlúkù ajá lóru. Bó bá ní òun kò lè ṣe é, ẹ béèrè ẹni tó lè ṣe é, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé yín, títí kan ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.